Aṣọ́lé àti Ìpíndọ́gba: Bí A Ṣe Lè Fi Iye Dá Ẹjọ́ Ẹni tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Jẹ́ Dídènà

1. Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kì í ṣe ohun tí a sábà ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni pẹ̀lú. Ìbéèrè mi ni èyí: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ohun búburú má ṣẹlẹ̀, báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa? Bí àgbẹ̀ bá wa iṣu, a ó ka iṣu rẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù iwájú bá gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, a ó ka góòlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó ṣọ́ àdúgbò mọ́jú tí olè kò wọlé, kí ni a ó kà fún un? Ọjọ́ tí olè bá wọlé ni a máa ń rántí pé ọdẹ wà.

Aṣọ́lé nínú eré bọ́ọ̀lù, ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń pè ní gólì, dàbí ọdẹ náà. Èmi tí mo ń gbé ní Ìgànmú kò lè ṣàì ronú nípa rẹ̀. Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè tí a ṣí ní ọdún 1976, tí a fi gba àlejò FESTAC ní 1977, tí a sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, wà ní Ìgànmú. Bí ènìyàn bá gbéra níbẹ̀ tí ó kọrí sí Sùúrùlérè, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, níbi tí Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà ti wáyé ní ọdún 1973. Orí pápá yìí ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ lò ti wá.

2. Kí ni ìpíndọ́gba?

Iye kan ṣoṣo kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé góòlù 20 wọ ilé aṣọ́lé kan láàárín ọdún kan, a kò tíì mọ ohunkóhun. Ṣé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ni ó ṣe ni, tàbí 40? Ṣé góòlù 15 ni ó wọ ilé àwọn aṣọ́lé yòókù nínú líìgì kan náà, tàbí 30? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí ni yóò sọ bóyá kí a yìn ín tàbí kí a bá a wí.

Ní ọjà Mushin, bí oníṣòwò bá ní gàrí òun pọ̀, a kì í bá a jiyàn. A ó ní kí ó fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Ìpíndọ́gba ni kóńgò wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ó kó gbogbo góòlù tí ó wọlé nínú ìdíje kan jọ. A ó ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde sórí pápá: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní ẹgbẹ́ méjì, nítorí náà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 jẹ́ ìjáde 32. A ó wá pín góòlù náà sí ìjáde ní ọgbọọgba. Ohun tí ó bá kan ìjáde kọ̀ọ̀kan ni ìpíndọ́gba. Kí ó lè rọrùn fún wa láti fi ojú inú rí i, mo máa sọ gbogbo rẹ̀ di ti ìjáde 10.

3. Ẹ̀kọ́ láti inú eré béésìbọ́ọ̀lù

Kí a tó dé Sùúrùlérè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, nítorí pé eré béésìbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ wà lára àwọn eré tí a ti fi ìwé àti kálàmù tẹ̀lé iṣẹ́ adènà jùlọ. Nínú eré náà, ajùbọ́ọ̀lù ni ó ń ju bọ́ọ̀lù kékeré sí alátakò tí ó di igi mú, kí onítọ̀hún má baà rí i gbá. Ní kété tí alátakò bá rí i gbá, ajùbọ́ọ̀lù di adènà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù. Bí bọ́ọ̀lù bá fò sókè, ó lè gbé e kí ó tó balẹ̀. Bí ó bá ń yí nílẹ̀, ó lè ṣà á kí ó jù ú sí ẹnì kejì rẹ̀ tí ó dúró ní ibùdó àkọ́kọ́, kí bọ́ọ̀lù lè ṣáájú alátakò tí ń sáré bọ̀ dé ibẹ̀.

Akọ̀wé eré a máa kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ìgbà tí adènà fúnra rẹ̀ lé alátakò kúrò, ìgbà tí ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti lé e, àti ìgbà tí ó ṣe àṣìṣe nínú ohun tí ó yẹ kí ó lè ṣe. A ó ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, a ó sì pín in sí àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, bí a bá da gbogbo adènà pọ̀, iye náà ju 98 lọ nínú 100. Ti àwọn ajùbọ́ọ̀lù nìkan a máa wà ní nǹkan bí 95. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Bí a bá fi ajùbọ́ọ̀lù wé gbogbo adènà, a ti fi kóńgò ẹlòmíràn wọn gàrí rẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù bí tirẹ̀ ni ó yẹ kí a fi í wé.

Ìṣòro tí ó tún tóbi ju èyí lọ ni ti ajùbọ́ọ̀lù arọ́pò. Ẹni yìí kì í bẹ̀rẹ̀ eré. Ìgbà tí ó bá rẹ ẹni àkọ́kọ́, tàbí tí eré bá kù díẹ̀ kí ó parí, ni wọ́n máa ń pè é. Mariano Rivera, ọmọ ilẹ̀ Panama tí ó ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ New York Yankees láti 1995 sí 2013, dáàbò bo ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ rẹ̀ títí eré fi parí nígbà 652, kò sì sí ẹni tí ó tíì ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé àkókò kúkúrú ni arọ́pò ń lò lórí pápá, bọ́ọ̀lù tí yóò kàn án láti dènà láàárín ọdún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò pé 12 ni. Bí ó bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, ó gba 100 nínú 100, ó sì ga ju ìpíndọ́gba lọ. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di 11 nínú 12, èyí tí í ṣe nǹkan bí 92 nínú 100, ó sì ti wà lábẹ́ ìpíndọ́gba. Bọ́ọ̀lù kan ni ó wà láàárín ìyìn àti ẹ̀gàn. Ọwọ́ náà kò yí padà. Iye tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni ó kéré jù.

4. Gbèsè ta ni?

Àwọn olùṣirò béésìbọ́ọ̀lù tún fi ìlànà kan lélẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí a yá lò. Henry Chadwick, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní New York ní ọ̀rúndún 19, wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, líìgì àgbà kan sì gbà á wọ inú ìwé ní 1912. Ìlànà náà ni pé kí a ya ayò tí alátakò jẹ nítorí àìlera ajùbọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó jẹ nítorí àṣìṣe àwọn adènà. Bákan náà, bí arọ́pò bá wọlé tí ó bá alátakò tí ó ti dé ibùdó nílẹ̀, tí alátakò náà sì padà jẹ ayò, ọrùn ẹni tí ó jáde ni gbèsè yẹn wà. Arọ́pò kì í san gbèsè tí kò jẹ.

Nínú eré bọ́ọ̀lù tiwa, a kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ó sì ti dá wa lóró. Ní ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 1977, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa pàdé Tùnísíà ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, nínú ìdíje tí yóò sọ ẹni tí ń lọ sí Ife Àgbáyé ní Argentina ní 1978. Emmanuel Okala ni aṣọ́lé wa. Góòlù kan ṣoṣo ni ó wọlé ní ọjọ́ náà: Godwin Odiye, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tiwa, fi orí kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì wọ ilé wa. Tùnísíà ni ó lọ sí Argentina.

Bí a bá ka iye lásán, góòlù 1 ni a ó kọ sí ọrùn Okala, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe alátakò ni ó borí rẹ̀. Bí a bá lo ìlànà Chadwick, a ó yọ ọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Odiye náà ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ọjọ́ kan yẹn pè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ kí a rò ó: ta ni ó lè fi orí kan bọ́ọ̀lù sí ilé ara rẹ̀? Ẹni tí ó sáré débẹ̀ ni. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí ó dúró lókèèrè tí ó ń wòran kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, ìwé rẹ̀ yóò sì mọ́ tónítóní. Àṣìṣe nìkan kò tó láti fi mọ adènà. A gbọ́dọ̀ mọ iye bọ́ọ̀lù tí ó lépa tí ó sì bá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá ka ẹyọ kan tí ó ṣì gbá, tí a kò ka gbogbo èyí tí ó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni a dá.

5. Ohun tí ìṣirò fi hàn nípa Sùúrùlérè

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a fi kóńgò wa wọn ilé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa nínú ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́rin tí mo yàn. Méjì nínú wọn, ti 1980 àti ti 2000, ni a ti ṣe gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa ní Sùúrùlérè. Méjì yòókù, ti 1982 ní Líbíà àti ti 1994 ní Tùnísíà, jẹ́ ti ìdálẹ̀.

Ní 1980, a na Tànsáníà ní 3 sí 1, a ta ọ̀mì 0 sí 0 pẹ̀lú Côte d'Ivoire, a na Íjíbítì ní 1 sí 0, a na Mòrókò ní 1 sí 0, a sì na Àlgéríà ní 3 sí 0 nínú àṣekágbá ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù 2 wọlé ní ọjọ́ àṣekágbá náà, Muda Lawal gbá 1. Gbogbo wa ni a mọ ìyẹn sórí. Èyí tí a kì í sọ ni pé Best Ogedegbe, aṣọ́lé láti inú ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan kọjá ní ọjọ́ náà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5, góòlù 1 péré ni ó wọ ilé wa. Nínú ìdíje náà lápapọ̀, góòlù 33 ni ó wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16. Ní ìjáde 10, tiwa jẹ́ 2. Ìpíndọ́gba jẹ́ 10.3. Ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ó wọ ilé àwọn ẹgbẹ́ lápapọ̀ ni ó wọ ilé wa.

Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé odi Jẹ́ríkò ni a ní. Ṣùgbọ́n ní 1982, lẹ́yìn ọdún méjì péré, a na Etiópíà ní 3 sí 0, Àlgéríà na wá ní 2 sí 1, Sáḿbíà na wá ní 3 sí 0, a sì padà sílé. Góòlù 5 nínú ìjáde 3: ní ìjáde 10, ó jẹ́ 16.7. Góòlù 32 ni ó wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 ìdíje náà, nítorí náà ìpíndọ́gba jẹ́ 10 géérégé. Láti 2, a fò dé 16.7.

Ní 1994, nígbà tí Peter Rufai dúró lẹ́nu ilé ní àṣekágbá tí a fi 2 sí 1 na Sáḿbíà, góòlù 3 wọ ilé wa nínú ìjáde 5, èyí tí í ṣe 6 ní ìjáde 10. Ìpíndọ́gba jẹ́ 11, nítorí góòlù 44 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20. Ní 2000, góòlù 5 wọ ilé wa nínú ìjáde 6, èyí tí í ṣe 8.3, ìpíndọ́gba jẹ́ 11.4, nítorí góòlù 73 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 32. Ẹ rántí pé ní 2000, Kamẹrúùnù ni ó gba ife lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ọ̀mì 2 sí 2, pẹ̀lú pẹnáritì 4 sí 3. Ìṣirò mi kò ka pẹnáritì tí a fi ń yanjú ọ̀mì, nítorí pé òun kì í ṣe ara eré fúnra rẹ̀.

Bí a bá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, góòlù 14 wọ ilé wa nínú ìjáde 19, èyí tí í ṣe 7.4 ní ìjáde 10. Ìpíndọ́gba ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 10.8. Ilé wa le ju ti àwọn ẹgbẹ́ lápapọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya Sùúrùlérè sọ́tọ̀. Ní Sùúrùlérè, góòlù 6 nínú ìjáde 11: 5.5 ní ìjáde 10, nígbà tí ìpíndọ́gba jẹ́ 11. Ìdajì ni. Ní ìdálẹ̀, góòlù 8 nínú ìjáde 8: 10 ní ìjáde 10, nígbà tí ìpíndọ́gba jẹ́ 10.6. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ kankan. Nítorí náà, iye tí a ń kà sí agbára aṣọ́lé, agbára ilé wà nínú rẹ̀: ariwo àwọn òǹwòran, koríko tí ẹsẹ̀ mọ̀, àti àìrin ìrìn-àjò. Agbára àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bíi Christian Chukwu, balógun ẹgbẹ́ wa ní 1980, náà wà nínú rẹ̀.

6. Ewu iye tí ó kéré

Ṣé kí a wá sọ pé Sùúrùlérè ni ó gba ife, kì í ṣe Ogedegbe? Rárá. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ìjáde 11 kò sì tíì di igbó. Bí góòlù 1 péré bá tún wọ ilé wa ní 1980, iye wa yóò lọ láti 2 sí 4, ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí góòlù 1 bá tún kún ti ìjáde 19, láti 7.4 sí 7.9 péré ni yóò lọ. Bí iye ìjáde bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọwọ́ òṣùwọ̀n ṣe ń dúró. Ohun kan náà ni a rí lára ajùbọ́ọ̀lù arọ́pò tí bọ́ọ̀lù kan gbé kúrò ní òkè ìpíndọ́gba lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́ ayé bí a ti ń fi ìṣọ́ra lo iye kékeré kì í ṣe eléré ìdárayá. Ilé-iṣẹ́ ọtí ni ó ti wá. William Gosset ń ṣiṣẹ́ fún Guinness ní Dublin, ó sì ní láti mọ bí ọkà bálì àti ọtí ti rí láti inú àyẹ̀wò díẹ̀, nítorí pé kò ṣeé ṣe láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ní 1908, ó fi orúkọ ìnagijẹ “Student” tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Kókó rẹ̀ ni pé bí àyẹ̀wò bá kéré, kí a fẹ ààlà iyèméjì wa sí i. Àwa ará Ìgànmú, tí a bá ilé-iṣẹ́ tí ń pọn ọtí Star láti 1949 ṣe aládùúgbò, mọ̀ pé kò sí apọntí tí yóò fi ìgò kan ṣoṣo dá ẹjọ́ gbogbo ìkòkò ọtí. Kí ló dé tí a fi ń fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan dá ẹjọ́ ọmọ ènìyàn?

7. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀

Nínú gbogbo iye tí mo kà fún yín, ẹ ó rí i pé ohun kan ṣoṣo ni mo kà: bọ́ọ̀lù tí ó wọlé. Mi ò ka bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ Ogedegbe gbé, tàbí èyí tí Rufai fi ìka ta dànù, nítorí pé nínú àkọsílẹ̀ tí ó kàn wá lọ́wọ́, àbájáde ni ó kún ibẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́. Ogedegbe kú ní 2009. Rufai kú ní 2025. Àwọn ojú tí ó rí wọn náà ń dínkù. Góòlù Ọdẹ́gbàmí yóò máa wà nínú ìwé títí ayé, ṣùgbọ́n ohun tí aṣọ́lé gbà là kì í gbẹ́yìn ẹni tí ó rí i.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olókìkí nìkan. Mo ti rí i ní pápá àdúgbò wa, lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n lé ọmọ ọdún 16 kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé góòlù 3 wọ ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó bi í pé bọ́ọ̀lù mélòó ni wọ́n gbá sí i. Bí wọ́n bá gbá 15 tí 3 wọlé, ó mú 12, èyí tí í ṣe 80 nínú 100. Aṣọ́lé ẹgbẹ́ kejì tí bọ́ọ̀lù 2 péré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí 1 wọlé, gba 50 nínú 100, òun sì ni wọ́n gbé lé èjìká.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan báyìí, tí wọ́n sì ń ṣírò bí ó ti le tó láti mú. Ní tiwa, ìwé àjákọ kan àti ọmọ ilé-ìwé kan tí ojú rẹ̀ mú tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ bọ́ọ̀lù tí ó kọjú sí ilé, èyí tí aṣọ́lé mú, èyí tí ó wọlé, àti èyí tí ó wọlé láti ara ẹgbẹ́ ẹni. Bí aṣọ́lé arọ́pò bá wọlé, kí ó fa ìlà, kí gbèsè ẹni àkọ́kọ́ má baà wọ ti ẹni kejì. Ní òpin ọdún, kí a kó ti gbogbo ẹgbẹ́ inú líìgì náà jọ, kí a wá ìpíndọ́gba wọn, kí a tó sọ pé ẹnì kan dára tàbí kò dára.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo ti gbìyànjú láti fi hàn. Èkíní, iye kò ní ìtumọ̀ àyàfi bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìpíndọ́gba àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èkejì, ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdájọ́ ìkánjú bí ìgbà tí a fi wò ó kò bá pọ̀. Bí Sùúrùlérè 1980 ṣe gbé wa ga ni 1982 ṣe rẹ̀ wá sílẹ̀, òtítọ́ sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀kẹta, bí a kò bá kọ ohun tí adènà gbà là sílẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ láyé.

Ọ̀nà tí ó wà láàárín Ìgànmú àti Sùúrùlérè kò jìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti ti ìtàn tí ẹ wà níhìn-ín, pápá àdúgbò pọ̀ ní ojú ọ̀nà yín, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kì í sì í wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ mú ìwé àjákọ lọ.